Ọmọ Tí Sístà Joanna Pọ̀n Wọ Odígbó

Gbogbo Odígbó ló mọ ìtàn ọmọ tí olóògbé Sístà Joanna pọ̀n wọ̀lú, ṣùgbọ́n Ràhmọ̀t nìkan ló bá a gun ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, òun ló sì mọ bó ṣe rí gan-an. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé wọ́n ti so màlúù mọ́lẹ̀ kí Sístà tó dé, irọ́ funfun báláú ni. Kò sí màlúù níbẹ̀. Ewúrẹ́ ni.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn nọ́ọ̀sì agbègbè náà pé jọ sínú gbọ̀ngàn kan létí títì márosẹ̀ ní Orè, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa ṣe láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n tó lè tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn gbà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ọmọ tuntun tó wáyé tí kò mí: bí wọ́n ṣe ń nù ún gbẹ, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi báàgì kékeré kan fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu àti nímú. Ọmọ rọ́bà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nígbà tó kan Ràhmọ̀t láti ṣe tirẹ̀, ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, àsìkò sì tán. Olùkọ́ ní kó padà wá tún ìdánwò náà ṣe ní ọjọ́ Ajé.

Ni Sístà Joanna bá dìde níwájú, ó lọ bá olùkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà pẹ̀lẹ́ ni olùkọ́ náà, Adéṣínà lorúkọ rẹ̀, Àkúrẹ́ ló ti wá. Sístà ní kó yá òun ní ọmọ rọ́bà náà di ọjọ́ Ajé, kí òun lè fi kọ́ Ràhmọ̀t nílé. Adéṣínà ní àwọn ọ̀gá òun ò fàyè gba irú ẹ̀. Sístà ní òun ò bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fà á títí, àwọn tó kù ti ń ká ẹrù wọn, nígbà tó yá ó rẹ Adéṣínà, ó sì fa ọmọ rọ́bà náà jáde nínú àpótí lẹ́sẹ̀ kan.

"Há! Adéṣínà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ní Àkúrẹ́ nìyẹn?"

"Sístà, rọ́bà ni, mà."

"Èmi náà mọ̀ pé rọ́bà ni. Ọwọ́ rẹ ni kò mọ̀. Bó bá ti mọ́ ọn lára báyìí, ọmọ èèyàn ló máa dì mú lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Ó fa ìró yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ba, ó ní kí Ràhmọ̀t gbé ọmọ lé òun lẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já gbà á dáadáa, ó sì gbọn ìdí díẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Adéṣínà yà kúrò lọ́nà fún un láìmọ̀, ó tún ní "Ẹ rọra, mà."

Bí wọ́n ṣe gun ọ̀kadà nìyẹn: ọlọ́kadà níwájú, Sístà láàárín, Ràhmọ̀t lẹ́yìn, ọmọ rọ́bà sì há sáàárín àwọn obìnrin méjèèjì, orí rẹ̀ ń gbá Ràhmọ̀t láyà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bọ́ sí kòtò. Wọn ò tíì kúrò ní ìkóríta tí àwọn ìyá oníbúrẹ́dì fi rí wọn. Ta ni kò mọ Sístà Joanna ní Orè? Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìjọba, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tí wọ́n sì ti bá a gbàdúrà ọmọ ní ilé àdúrà rẹ̀ títí àwọn tó ń gbàdúrà fi di arúgbó.

"Yéè! Sístà! Ẹ kú ewu ọmọ o!"

"A dúpẹ́ o!" Sístà dá wọn lóhùn.

"Ọlọ́run á dá a sí o!"

"Àmín o!"

"Ẹ kú ọwọ́ lómi!"

"A dúpẹ́, ẹ ṣeun!"

Ràhmọ̀t tẹ̀ síwájú sí etí rẹ̀. "Sístà, ẹ sọ fún wọn pé rọ́bà ni."

"Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń dá àdúrà padà rí? Jókòó dáadáa, o ń fún ọmọ mọ́ mi lẹ́yìn."

Ọlọ́kadà mìíràn ló kọjá wọn lọ tó gbé ìròyìn náà ṣíwájú. Kí wọ́n tó dé Odígbó, agogo ilé àdúrà ti ń dún. Àwọn obìnrin inú ìjọ ti wọ aṣọ funfun, wọn ò wọ bàtà, wọ́n ń kọrin ọpẹ́, ewúrẹ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wòlíì Olúwadáre ló wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè.

"Mo rí i! Mo rí i! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti rí ìkókó nínú ilé yìí, ẹ ò gbà mí gbọ́! Sárà òde òní nìyí!"

Sístà sọ̀ kalẹ̀, ó kí gbogbo wọn, ó tú ọ̀já, ó sì gbé ọmọ náà kalẹ̀ lórí tábìlì níta gbangba. Orin dá wáí. Ewúrẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Wòlíì sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan tẹ ọmọ náà níkùn, ó wo Sístà, ó tún wo ọmọ.

"Ẹ̀mí ò sọ fún mi pé rọ́bà ni," ó ní.

Ibí yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì máa ń dúró síbẹ̀. Ràhmọ̀t kì í dúró síbẹ̀, torí ó rí ojú Sístà. Sístà Joanna ò bímọ rí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti bá a gbààwẹ̀, wọ́n ti bá a sunkún, ayọ̀ tí wọ́n sì bá a yọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ayọ̀ òtítọ́ ni. Wọ́n dúró, ojú ń tì wọ́n fún un. Ojú ń ti Ràhmọ̀t pàápàá. Sístà wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọ̀já sí èjìká, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi yọ̀, ẹ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ jókòó. Ó dára bí ẹ ṣe pé jọ yìí. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá wáyé tí kò ké?"

Gbogbo ìjọ ló kọ́ ọ lọ́jọ́ náà, Wòlíì náà kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ ń fẹ́ atẹ́gùn bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ewúrẹ́ padà sílé láàyè. Irú èèyàn tí Sístà jẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: kò sẹ́ni tó fi dandan mú un wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́. Síbẹ̀ kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní Orè tí kò ní jókòó sí àga iwájú, tòun ti ìgò omi rẹ̀ àti ẹ̀pà sísun. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ní ilé ìwòsàn Odígbó, Loveth lorúkọ rẹ̀, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mà, ṣebí ẹ ti fẹ̀yìn tì, kí lẹ tún ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ṣé àìsàn náà ti fẹ̀yìn tì ni?" Sístà bi í padà.

Ó ń bọ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbà á láìjà. Ọdún tí Adéṣínà kọ́kọ́ wá, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi sípírítì sí ìwọ́ ọmọ tuntun mọ́, pé jẹ́ẹ̀lì kan ti wà báyìí tó ń pa kòkòrò jù ú lọ. Sístà dìde. Ó ní sípírítì ni wọ́n fi kọ́ òun, sípírítì lòun fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

"Gbogbo ọmọ Odígbó tó ń sáré kiri yìí, sípírítì ni mo fi sí ìwọ́ wọn. Èwo nínú wọn ni ìwọ́ rẹ̀ ṣì ń fì níkùn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adéṣínà ò bínú. Ó fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, ó ṣàlàyé bí àrùn ṣe ń gba ojú ìwọ́ wọlé, ó sọ iye ẹ̀mí ọmọ tí jẹ́ẹ̀lì náà ti gbà là níbi tí wọ́n ti dán an wò. Sístà ń jiyàn. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, ó ń jiyàn pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Nígbà tó jẹ ìrẹsì tán, ó lọ dúró síwájú àwòrán ara ògiri náà, ó ń wò ó.

"Adéṣínà, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀?"

Lọ́jọ́ kejì gan-an, Loveth ní Sístà ya wọlé wá bá àwọn lẹ́nu iṣẹ́, ó rí ìgò sípírítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun kan, ó sì kígbe bí ẹni tó rí ejò. Ó ní, "Sípírítì? Láyé òde òní? Inú igbó wo lẹ ti ń bọ̀?" Kò sẹ́ni tó lè rán an létí pé iyàn àná ò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀. Òun gan-an ló wá gbógun ti sípírítì títí kò fi sí ìgò rẹ̀ kan mọ́ nítòsí ọmọ tuntun ní gbogbo àdúgbò yẹn.

Òfin kan tún wà tó fi de ara rẹ̀: ohun yòówù tó bá kọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́ ẹlòmíràn kí ó tó jẹun alẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé ló máa jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn agbèrò gáréèjì Orè fi mọ ọwọ́ fọ̀ ju àwọn alásè lọ. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí Mùíz, agbèrò kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn, fi dùbúlẹ̀ lórí ẹní níwájú ọkọ̀ Benin lọ́jọ́ kan, nígbà tí Sístà fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tó dákú sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ tàbí èébì má baà fún un pa.

"Ẹ wo orúnkún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yá, Mùíz, sọ fún wọn bó ṣe rí lára rẹ."

Mùíz ń kọ́? Ó ti sùn lọ. Ó ń han-an-run tí àwọn èrò inú ọkọ̀ fi ń yọjú wò ó lójú fèrèsé. Sístà ò tijú rárá, ó nawọ́ sí i. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí? Ohun tí a fẹ́ nìyẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Mùíz, kò gbọ́.

Iwájú ìsọ̀ Ràhmọ̀t ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, Sístà sì mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà náà, kó tó di ọ̀rọ̀ ọmọ rọ́bà, Ràhmọ̀t ń ta hìjáàbù àti ìborùn nínú gáréèjì náà, níbi tí ọkọ rẹ̀, Màmúdù, ti ń wa ọkọ̀. Gbogbo gáréèjì mọ̀ ọ́n sí Ìyá Suhaib. Sístà nìkan ni kò gbà. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń lọgun:

"Nọ́ọ̀sì Ràhmọ̀t! Nọ́ọ̀sì Ràhmọ̀t, ṣé àlàáfíà lo wà?"

Nígbà tó yá, èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbi ìsọ̀ hìjáàbù láti béèrè oògùn ibà. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Ìlàjẹ ká ṣòkòtò sókè láti fi eéwo itan hàn án láàárín àwọn oníbàárà. Màmúdù wá bá Sístà, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ti sọ ìsọ̀ ìyàwó mi di ọsibítù. Àwọn tó fẹ́ ra ìborùn ń sá fún eéwo."

"Kí ìyàwó rẹ lọ síbi tí eéwo wà, eéwo á sì fi ìsọ̀ rẹ sílẹ̀," Sístà dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni Ràhmọ̀t lóòótọ́, Sístà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó wá sí Odígbó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì máa ń sọ pé òun ò rí ọwọ́ tó tutù tó tirẹ̀ rí lára aláìsàn. Ṣùgbọ́n Ràhmọ̀t ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìgbà tó ti lóyún Suhaib. Kò lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ti kọjá àsìkò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, ó máa ń ní ọmọ títọ́ ni. Suhaib ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó sì ń fi ara rẹ̀ so okùn bàtà.

"O dà bí ọ̀dà títì ti Agbábù," Sístà sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ náà, kò sì ṣe tán àtilọ. "Gbogbo ayé mọ̀ pé ó wà nínú ilẹ̀, gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i lò. Kí ló ń dà ọ́ láàmú gan-an?"

"Ọmọ ni, mà."

"Ọmọ ta ni?"

Ràhmọ̀t fẹ́ fi ẹ̀rín sí i, ẹ̀rín ò wá. Ojú tí Sístà fi ń wò ó kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣàwàdà. Ni Ràhmọ̀t bá sọ ohun tí kò sọ fún Màmúdù rí. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ti ṣiṣẹ́, obìnrin kan bímọ, ọmọ ò ké. Òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, ó mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dìde. Nígbà tí dókítà fi máa sáré wọlé, ó ti pẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyá ọmọ náà tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ yẹn ni kò lè gbàgbé.

Sístà ò sọ pé kó má sunkún. Ó ní kí oníbàárà kan tó ń bọ̀ ṣe sùúrù, ó jẹ́ kó sunkún tán.

"Ọmọ kan kú lọ́wọ́ tèmi náà rí," ó ní. "Ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó máa ń wu èèyàn láti gbàgbé, torí tiwọn ni mo ṣe máa ń jókòó sí àga iwájú. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Màá wá mú ọ. Bí o bá sápamọ́, màá lọ dúró sórí tábìlì ní gáréèjì, màá máa pe orúkọ rẹ."

Ràhmọ̀t mọ̀ pé ó lè ṣe é. Ẹ̀rù tábìlì yẹn bà á ju ẹ̀rù ìdánwò lọ, ló bá lọ. Ẹ sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò mí ni wọ́n tún gbé síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tún kọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ di ọjọ́ Ajé ò ju èyí lọ. Bó bá yege, á padà di nọ́ọ̀sì. Bí kò bá yege, kò ní wá mọ́ láéláé, ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́, Sístà náà sì rí i lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọ ti túká ní Odígbó lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Sístà gbé ọmọ rọ́bà náà sórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó sì ní kí Ràhmọ̀t bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Ó tún un ṣe, kò ṣìṣe rárá.

"Ó dáa," Sístà ní. "Ṣé báyìí ni yàrá ìgbẹ̀bí ṣe máa ń dákẹ́?"

Ló bá di ìyá ọmọ, ó ń kérora. Ó di ìyá ìyá ọmọ, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó ń pariwo, "Yéè, ọma mi o! Ọma mi o!" Ó di baba ọmọ, ó ń gbá ilẹ̀kùn. Ó tilẹ̀ di òjò, ó ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Báàgì yọ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ rọ́bà náà. Sístà ò dáwọ́ dúró. Ràhmọ̀t gbá báàgì atẹ́gùn náà mú, ó yí padà sí i, ó sì fi ohùn tí kò mọ̀ pé òun ní sọ̀rọ̀:

"Sístà, ẹ dákẹ́! Mo ń ṣiṣẹ́!"

Sístà dákẹ́. Ṣíbí wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà ọmọ rọ́bà náà ń wú, ó ń sọ̀, ó ń wú, ó ń sọ̀.

"Hẹn-ẹ́n," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ohùn tí mo ń wá nìyẹn."

Ràhmọ̀t yege ní ọjọ́ Ajé. Adéṣínà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, inú tirẹ̀ náà dùn. Ó wá gbé ọmọ rọ́bà rẹ̀ láti dá a padà sínú àpótí, ó dúró, ó gbé e súnmọ́ imú. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi òróró pa á lára, wọ́n ti fi pọ́dà sí i lọ́rùn. Ó ní láti ìgbà náà, gbogbo ìlú tí òun bá gbé e dé ni wọ́n máa ń bi òun pé ọmọ ta ni.

Ìwé àṣẹ Ràhmọ̀t jáde, ilé ìwòsàn Odígbó sì gbà á síṣẹ́. Sístà gbọ́, ó ní kí wọ́n má tíì yìn ín, torí òun ti rí bó ṣe de bàtà rẹ̀, kò dára fún ìdúró pípẹ́. Kò fẹ́ràn kí ìyìn wá láìsí àléébù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyìn nìkan máa ń mú kí oorun kun èèyàn.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀. Kò bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí ibi iṣẹ́ Ràhmọ̀t kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ó sì dùbúlẹ̀ níbẹ̀ bí olùdánwò. Loveth fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀, Sístà ní kó tú ọ̀já apá náà, kó tún un dè. Wọ́n fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ orúkọ oògùn náà àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fún òun. Lóúnjẹ ọ̀sán, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun fi nǹkan sí àga iwájú. Ó di ọwọ́ Ràhmọ̀t mú.

"Ó ṣì tutù," ó ní. Ràhmọ̀t ò mọ̀ bóyá àléébù ni àbí ìyìn.

Kò padà wálé láti ọsibítù ńlá. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, àwọn aláṣọ funfun jókòó sápá kan, àwọn ará gáréèjì jókòó sápá kejì pẹ̀lú fìlà wọn, ẹkún ni wọ́n sì gbà pé àwọn wá sun. Wòlíì Olúwadáre dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo rí ìkókó," kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rín ti gbà á. Ẹ̀rín náà gba gbogbo agbo. Mùíz fi apá nu ojú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oorun tó dùn jù lọ nílé ayé òun, ọwọ́ Sístà lòun ti sùn ún. Ràhmọ̀t rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan nínú tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ rọ́bà ló fi yege. Ẹni tí ìbá dúró tì í lọ́jọ́ tó bá di ti ọmọ èèyàn ti lọ.

Ọjọ́ náà dé, ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan tí òjò ń rọ̀. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé aboyún kan wá láti Àgó Aláyé, ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lórí ọ̀kadà kejì. Ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí wọ́n tó dé. Loveth ń tọ́jú ìyá, Ràhmọ̀t gba ọmọ. Ọkùnrin ni. Kò ké. Ara rẹ̀ rọ̀, ó ń dúdú bí aró.

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé orí. "Ọma mi o! Jésù, ọma mi o!" Òjò ń lu páànù lókè bí ẹni tó ń bínú. Ràhmọ̀t wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti ń nu ọmọ náà kí ó tó mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀. Ó nù ún gbẹ, ó ra á lẹ́yìn, kò ké. Ó gbé e sórí tábìlì, ó tún orí rẹ̀ ṣe, ó fi báàgì bo ẹnu àti imú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa gbàdúrà yín sínú, mà."

Ìyá àgbà dákẹ́. Àyà kékeré náà wú, ó sọ̀. Ó wú, ó sọ̀. Ràhmọ̀t ń pe bismillah lábẹ́ ahọ́n, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà rún imú. Ó gbá ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ó figbe ta, igbe ìbínú, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun dídùn, Loveth sì bú sẹ́kún níbi tó wà. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ràhmọ̀t ní kí ó dìde, ilẹ̀ tutù.

Ọjọ́ kejì ló lọ sí ilé Sístà ní Odígbó, níbi tí wọ́n sin ín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ lórí ọ̀kadà tí òun máa sọ, ọ̀rọ̀ ọpẹ́, ọ̀rọ̀ àdúrà. Nígbà tó dúró síwájú ibojì náà, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Sístà," ó ní. "Wọ́n gbé ọmọ kan wá láti Àgó Aláyé. Kò mí. Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó ké, mà. Ó ké dáadáa."

Atẹ́gùn ń fẹ́ lára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ràhmọ̀t ò lọ. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì parí, pé Sístà ò ní jẹ́ kí òun lọ báyìí. Ó rò ó, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, ó wá rí àléébù kan níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo pẹ́ kí n tó dé fìlà fún un, mà," ó ní. "Inú mi ló dùn jù. Mi ò ní gbàgbé mọ́."